Ẹni Tí Ó Bá Fẹ́ Ọmọ Wa, Kí Ó Gba Ojú Ọ̀nà Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn eré ìdárayá ni, àti ti àwọn àlejò tí ń wá ẹ̀bùn náà kiri. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí bí kò bá tíì kan ilé yín lónìí, ó lè kàn án lọ́la.

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọmọ tí ó mọ eré sá, tàbí tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, dà bí ọjà tí a pàtẹ sí gbangba. Gbogbo ẹni tí ń kọjá ni yóò wò ó. Olówó yóò wò ó, olè náà yóò sì wò ó. Òbí kò lè di ojú ayé. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni ẹni tí a ó gbà láàyè kí ó súnmọ́ ọmọ náà, ìgbà tí yóò súnmọ́ ọn, àti ojú ta ni yóò ti bá a sọ̀rọ̀.

ERÉ TUNTUN KAN DÉ IGBÓ-ỌRÀ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, Igbó-Ọrà ni mo sì fi ṣe ilé. Àgbẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin, ẹ̀gẹ́ ni ó ń gbìn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń fi ẹ̀gẹ́ náà ṣe láfún, tí ó ń tà á fún àwọn tí ń ti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn wá. Ọlọ́run fi ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Bí mo bá pè wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé níhìn-ín, n kò tú àṣírí ilé ẹnikẹ́ni, nítorí agbo ilé wo ní Igbó-Ọrà ni a ó ti pe orúkọ wọ̀nyí tí a kò ní rí ẹni dáhùn?

Kẹ́hìndé fẹ́ràn ìwé, pàápàá ìṣirò. Ní ti Táíwò, ọwọ́ rẹ̀ ni Ọlọ́run bù kún. Láti kékeré ni ó ti ń sọ òkò lu máńgòrò; bí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún un sọ. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé àgùnbánirọ̀ kan wá sí ilé-ìwé wọn, ọmọbìnrin tí ó ti kọ́ eré sọ́fútíbọ́ọ̀lù ní Ìlọrin. Ìbọ̀wọ́ aláwọ mẹ́ta àti igi ìgbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ó kó dání. Àwọn ọmọ ń pín ìbọ̀wọ́ náà lò, ẹni tí kò bá rí lò a máa fi ọwọ́ òfìfo hán bọ́ọ̀lù. Láàrin oṣù mẹ́ta, Táíwò ti di ẹni tí gbogbo ilé-ìwé ń pa kíláàsì tì láti wò.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní ayé ọjọ́un yóò rántí eré tí a ń pè ní ráńdàsì. Ẹni kan á ju bọ́ọ̀lù, èkejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí àwọn òpó ká kí wọ́n tó mú un. Sọ́fútíbọ́ọ̀lù kò jìnnà sí i. Àwọn mẹ́sàn-án ni wọ́n ń dúró lórí pápá ní ìhà kan. Ìsàlẹ̀ ni ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù ti máa ń fi apá rẹ̀ yí wá, kì í ju ú láti òkè orí. Bọ́ọ̀lù náà tóbi ju ti báséból lọ, ínṣì 12 ni ayíká rẹ̀. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá eré yìí sílẹ̀ ní ọdún 1887. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí gbá a ní ìdíje Òlíńpíìkì ní ọdún 1996. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ti ọdún 2008, wọ́n tún gbá a ní Tokyo ní ọdún 2021, wọ́n sì ti fi sínú ti ọdún 2028 tí yóò wáyé ní Los Angeles.

Ẹ lè bi mí pé kí ni eléyìí kan ará Ìbàràpá? Ohun tí ó kàn wá ni pé ní ọdún 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé ilé-ìwé tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ya obìnrin sọ́tọ̀ nínú ohunkóhun tí ó ń ṣe. Láti ìgbà náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ti ń kó ọmọbìnrin eléré jọ bí wọ́n ti ń kó ọkùnrin jọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù jù dáadáa lè fi apá rẹ̀ ra ìwé yunifásítì. Òtítọ́ ni èyí. Òtítọ́ yìí gan-an ni àwọn ẹlẹ́tàn sì fi ń ṣe ìjẹ.

ÀLEJÒ TÍ Ó GBA INÚ FÓÒNÙ WỌLÉ

Ní ìdíje àwọn ilé-ìwé kan tí wọ́n ṣe ní Ẹ̀rúwà, ọkùnrin kan wá wòran. Aṣọ eré ni ó wọ̀, fèrè sì wà ní ọrùn rẹ̀. Ó ní kóòṣì àdáni ni òun, pé òun ń kọ́ ọmọ ní eré lẹ́yìn ilé-ìwé bí àwọn olùkọ́ kan ti ń ṣe lẹ́sìn, pé òun sì ni ojú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ní apá ọ̀dọ̀ wa. Kò lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, kò bá àgùnbánirọ̀ tí ó kọ́ àwọn ọmọ náà, kò sì béèrè òbí. Ọ̀dọ̀ Táíwò ni ó lọ tààrà, ó gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti ń wọlé sí fóònù ọmọ náà ní òru. Ó kọ́kọ́ yìn ín. Lẹ́yìn náà ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kan ti rí fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì ti gbà á. Lẹ́yìn èyí ni ó wá kọ ọ̀rọ̀ tí ó mú mi dìde dúró nígbà tí mo kà á: “Má tíì sọ fún bàbá rẹ, àwọn àgbà kì í tètè mọ nǹkan báyìí.” Ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó dé ni ó tó yọ̀ǹda kí bàbá gbọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà ni owó ìkọ́ni fún oṣù mẹ́ta, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà sì ni ohun tí ó pè ní owó ìforúkọsílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́talénírinwó náírà, kí ó pé kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyè náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye tí àpò láfún kan ń pa wọlé yóò mọ ohun tí owó bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìyá àwọn ọmọ náà ti ní kí wọ́n fún òun ní àjọ rẹ̀ ṣáájú ìgbà tí ó kàn án. Bàbá wọn ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti fi ilẹ̀ oko rẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Ìdèrè dúró fún gbèsè. Kẹ́hìndé ni ó sá wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi ka nǹkan yìí, nítorí ìṣirò rẹ̀ kò bá ara mu.”

Èmi àti ọmọ náà jókòó ti fóònù rẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta, a ń ka òfin àwọn ará Amẹ́ríkà láti ibi tí àwọn fúnra wọn kọ ọ́ sí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

ÌFOJÚSÓDE ÀTI ALÁRINÀ

Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe àkóso eré láàrin àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, NCAA ni orúkọ rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sí. Ọ̀wọ́ kìíní ni ti àwọn tí ó lágbára jù. Ọ̀wọ́ kẹta kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré rárá, bí ó ti wù kí ọmọ náà mọ̀ ọ́n tó.

Ní àtijọ́, àwọn kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn a máa lé àwọn ọmọdé kiri. Wọ́n ń bá ọmọ ọdún méjìlá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, sọ̀rọ̀, ọmọ á sì fi ẹnu lásán ṣèlérí ilé-ìwé tí òun yóò lọ ní ọdún márùn-ún sí i. Ìlérí ẹnu yìí kò de ẹnikẹ́ni. Kóòṣì lè kúrò níbẹ̀, ọmọ lè fi apá ṣèṣe, gbogbo rẹ̀ á sì dòfo. Àwọn kóòṣì sọ́fútíbọ́ọ̀lù pàápàá rí i pé ó ti di àṣejù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀wọ́ kìíní fọwọ́ sí òfin pé kóòṣì kankan kò gbọdọ̀ bá ọmọ tàbí òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìgbani títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọmọ náà bá wọ ọdún kẹta nínú mẹ́rin tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé gírámà wọn. Ó ṣe déédéé SS2 tiwa. Kí ọjọ́ náà tó pé, kò gbọdọ̀ pè é lórí fóònù, kò gbọdọ̀ kọ ìwé ìgbani sí i, kò sì gbọdọ̀ lọ bá a nílé. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ pe kóòṣì fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ bá a jíròrò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á láyè kí ó wò ó. Ó lè wá sí pápá ní àkókò tí òfin yọ̀ǹda, kí ó jókòó, kí ó máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé, kí ó sì máa lọ láì sọ̀rọ̀. Àkókò mìíràn wà tí ó jẹ́ pé inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni òun àti ọmọ ti lè fojú kanra. Òmíràn sì wà tí wọn kò gbọdọ̀ fojú kanra níbikíbi.

Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé bi mí pé kí ni ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ọmọ mi, nǹkan yìí kò ṣàjèjì. Bí wọ́n ti fẹ́ ìyá ìyá rẹ nìyẹn.”

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Bí ìdílé kan bá ń wá ìyàwó fún ọmọ wọn láyé àtijọ́, ìfojúsóde ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wo ọmọbìnrin náà ní ọ̀nà odò, wọ́n á wò ó lọ́jà, wọn kò ní wí fún un. Wọ́n á wádìí ilé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á rán alárinà, ẹni tí a mọ ilé bàbá rẹ̀. Ìjọ́hẹn á tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn òbí bá ti gbọ́ tí wọ́n sì gbà. Lẹ́yìn náà ni ìtọrọ, lẹ́yìn náà ni ìdána. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, ojú àgbà sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé. Ẹni tí ó bá fo gbogbo èyí, tí ó lọ ń bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọgbà ní òru, tí ó ń sọ fún un pé kí ó má tíì wí fún bàbá rẹ̀, orúkọ wo ni àwọn baba wa ń pè é? Wọn kì í pè é ní àna.

Mo mọ̀ pé ayé ti yí padà, àwọn ọmọ ń fẹ́ ara wọn láìsí alárinà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú àṣà náà kò tíì gbó. Ọmọdé kò lè dá díwọ̀n ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà tí ó fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń sọ. Nítorí èyí ni a ṣe fi àkókò àti ẹlẹ́rìí sí àárín wọn. Àwọn òyìnbó kọ tiwọn sínú ìwé òfin. Àṣà ni a fi kọ́ àwa tiwa, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀.

TA NI Ó Ń SAN OWÓ ORÍ ÌYÀWÓ?

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí owó. Nínú ìgbéyàwó wa, ta ni ó ń gbé ẹrù wá? Ẹbí ọkọ ni. Bí ẹnì kan bá wá tọrọ ọmọ yín, tí ó sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí òun tó gbà á, ẹ ó mọ̀ pé kò wá fẹ́ ìyàwó. Bákan náà ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó bá fẹ́ eléré. Òun ni yóò san owó ẹ̀kọ́, ní odidi tàbí ní àbọ̀. Bí ó bá pe ọmọ náà ní ìpè àbẹ̀wò tí òfin là sílẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó ń san owó rẹ̀.

N kò ní kí ẹ rò pé kò sí owó kankan tí òbí ń ná. Owó físà wà, owó ìdánwò WAEC wà, owó kan sì wà tí ọmọ ń san fún ọ́fíìsì NCAA tí ń yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí ó ni owó ni a ń san án fún, orúkọ ọmọ a sì wà lórí rísíìtì rẹ̀. Kì í bọ́ sí àpò ọkùnrin tí ó so fèrè mọ́ ọrùn. Ìwé tí a ń pè ní I-20, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tọrọ físà, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni ó ń fi í ránṣẹ́, orúkọ ilé-ìwé náà sì wà lára rẹ̀. Ẹ tún rántí pé òfin físà Amẹ́ríkà fún àwa ọmọ Nàìjíríà ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní òun ti bá yín parí físà kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó mọ orúkọ ọmọ yín, irọ́ ni ó ń pa.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, àwọn tí ń ta ojú ọ̀nà kò ṣàìsí. Ní ọdún 2019 ni àṣírí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rick Singer tú. Owó ńlá ni ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn olówó, ó ń fún àwọn kóòṣì kan ní rìbá kí wọ́n lè kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ bí eléré, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn nínú wọn kò gbá eré náà rí. Àwọn òbí kan lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ rán Singer náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí ọ̀nà ẹ̀yìn bá sọ olówó Amẹ́ríkà di ẹlẹ́wọ̀n, kí ni yóò sọ aláláfún Igbó-Ọrà dà?

LẸ́SÌN ERÉ KÒ BURÚ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ní kí a lé gbogbo kóòṣì àdáni kúrò nílùú. Olùkọ́ ni mí, mo mọ̀ pé lẹ́sìn dára. Ọmọ tí olùkọ́ bá jókòó tì lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ sílé ń rí ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí. Jíju bọ́ọ̀lù sọ́fútíbọ́ọ̀lù ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí a ti ń gbé ẹsẹ̀, bí a ti ń yí apá, bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń já bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ dáadáa lè ba èjìká jẹ́. Bí ẹnì kan bá ń kọ́ ọmọ ní èyí, owó iṣẹ́ rẹ̀ tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀, owó ìlérí ọ̀tọ̀. Olùkọ́ ìṣirò tí ó ní kí ẹ san owó lẹ́sìn, ẹ san án. Èyí tí ó ní kí ẹ san owó kí òun lè bá yín mú àmì A bọ̀ láti ọ́fíìsì WAEC, ẹ sá fún un. Kóòṣì rere a máa sọ ohun tí ọmọ mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. A máa kọ́ ọ ní gbangba, níbi tí ojú ń tó o. Kì í bínú bí ìyá bá wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Kì í pe ọmọbìnrin ọlọ́mọbìnrin ní aago mọ́kànlá òru. Kò sì ní ṣèlérí Amẹ́ríkà, nítorí kò ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Ẹ sì jẹ́ kí a mọ bí ẹnu ọ̀nà náà ti rí tó. NCAA fúnra rẹ̀ ni ó wí pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ń ṣeré ní ilé-ìwé gírámà Amẹ́ríkà, bí ẹni méjì péré ni ó ń rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà nítorí eré. Àwọn ọmọ tí ó ní pápá, tí ó ní ìbọ̀wọ́, tí ó ní kóòṣì lọ́tùn-ún lósì ni wọ́n ń sọ yẹn o.

Ẹ̀yin tí ẹ bí ọkùnrin, ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò yàtọ̀. Láti ọdún 2001 ni òfin FIFA ti sọ pé kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù má ṣe gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2015, ìròyìn kan gba ayé kan pé wọ́n ti kó àwọn ọmọkùnrin kan láti Liberia lọ sí ilẹ̀ Laos ní Éṣíà, tí wọ́n ń sùn sórí ilẹ̀ pápá ìṣeré. Ìlérí ilé-ìwé bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi tàn wọ́n lọ.

ỌJỌ́ TÍ ÀLEJÒ DÉ ILÉ

Mo ní kí àbúrò mi má ṣe bá ọkùnrin náà jà. Kí ó pè é wá sílé ní ọjọ́ Sátidé, kí a fi àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa ṣe é lálejò, kí ó wá ṣàlàyé fún gbogbo wa. Ó wá, ó sì jẹun dáadáa. Nígbà tí ó jẹun tán, mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta.

Mo ní, “Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni?” Ó dárúkọ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kìíní. Mo ní, “Kíláàsì wo ni ọmọ wa wà?” Ó ní SS1. Mo ní, “Òfin wọn ní kóòṣì kankan kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi wọ SS2. Ta ni ó wá bá yín sọ̀rọ̀ pé wọ́n ti gbà á?”

Ó kọ́kọ́ ní òfin náà kò kan ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Kẹ́hìndé gbé fóònù rẹ̀, ó ní kí ó jọ̀wọ́ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí han òun. Ó wá ní ọ̀nà ẹ̀yìn ni òun ń gbà. Mo ní ó dára, kí ó fún wa ní nọ́ńbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kí a gba ojú ọ̀nà pè wọ́n. Ó ní òun yóò fi ránṣẹ́. Ó dìde, ó kí wa, ó lọ. Títí di òní, a kò rí nọ́ńbà náà.

Kí n má purọ́ fún yín, kò sí ayọ̀ nílé wa lọ́jọ́ náà. Owó kò lọ, ilẹ̀ kò lọ, ṣùgbọ́n Táíwò sunkún. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ ti lé e lọ. Ta ni yóò tún wá wò mí ní Igbó-Ọrà?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju ti owó lọ, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn kóòṣì Amẹ́ríkà kì í gba ọ̀nà Ìgàngàn tàbí Ayétẹ̀ kọjá. Bí a bá lé ẹlẹ́tàn lọ, tí a kò sì fi ọ̀nà òtítọ́ han ọmọ, ìdajì iṣẹ́ ni a ṣe.

Mo sọ ìtàn ẹni méjì fún un. Hakeem Olajuwon, ọmọ àwọn tí ń ta sìmẹ́ńtì ní Èkó, lọ sí Yunifásítì Houston ní ọdún 1980. Kò sí ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Takisí ni ó wọ̀ lọ síbẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, òfin kò tíì gbà á láyè láti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ó fara balẹ̀ dúró. Ní ọdún 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí ń wọ ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ NBA. Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, gba ẹ̀kọ́ lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso ní ọdún 2016. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ó sá eré ọgọ́rùn-ún mítà onídènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, ẹnikẹ́ni kò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n.

Nítorí náà, Táíwò ń kọ ìwé báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, Kẹ́hìndé ń bá a tún un ṣe. Àgùnbánirọ̀ náà ti parí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wá ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ó ń ya fídíò bí ọmọ náà ti ń ju bọ́ọ̀lù. Òfin kò ní kí ọmọ má kọ ìwé sí kóòṣì. Kóòṣì ni kò gbọdọ̀ jíròrò pẹ̀lú rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Kì í ṣe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òfin náà sì dè bákan náà. Àwọn kéékèèké kan wà tí tiwọn tú ju báyìí lọ. A lè rí èsì, a lè má rí i. Yálà ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i, ìwé WAEC rẹ̀ yóò wúlò fún un níhìn-ín.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí ní ìlú méjèèje Ìbàràpá, láti Ẹ̀rúwà dé Lánlátẹ̀, láti Tápà dé Ìdèrè, ẹ jẹ́ kí a ṣe òfin tiwa nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́. Kò gba owó, kò gba ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Èkíní, àlejò tí ó bá fẹ́ wo àwọn ọmọ, kí ó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, kí ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì, wíwò nìkan ni kí ó wò. Kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà fóònù ọmọ, kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn òbí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kóòṣì àdáni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ, ojú gbangba ni kí ó ti kọ́ ọ, kí a sì kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣooṣù. Kí ó má gba owó nítorí ìlérí kankan.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ wá àdírẹ́sì wọn, kí ó kọ̀wé béèrè. Kí a má lo nọ́ńbà tí àlejò fún wa.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní “má sọ fún bàbá rẹ”, bàbá ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Àwa bàbá náà, kí a má fi ìbínú gbọ́ ọ, kí wọ́n lè tún sọ èyí tí ó kù.

Alárinà rere mọ ààyè rẹ̀. Bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọ ojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀ bá. Èyí tí kò jẹ́ kí ẹ mọ ojú àna yín, tí ó ní ọwọ́ òun ni gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń fi pamọ́.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa. Yóò sì fún àwa náà ní ojú tí a ó fi máa ṣọ́ wọn.